Ojú Kan, Orúkọ Kan

"Ojú kan," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ojú kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Irọ́ wà nínú àpótí yìí."

Gbogbo ojú nínú gbọ̀ngàn ìlú Ìdígbá yí sí gíláàsì rẹ̀. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń sọ̀rọ̀, "Òótọ́" nìkan ni wọ́n sì ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán ìgbéyàwó lé e, ó ní òótọ́. Wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ tí ikán ti jẹ etí rẹ̀ lé e, ó ní òótọ́. Nígbà tó kan àwòrán bàbá Baálẹ̀, Baálẹ̀ Ọdẹ́yalé fúnra rẹ̀ dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ o! Agbádá tí bàbá mi wọ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yá a. Ṣùgbọ́n orí tó yọ lọ́rùn agbádá, orí bàbá mi ni." Ẹ̀rọ ní, "Òótọ́." Ilé rọ́ fún ẹ̀rín.

Ẹ̀rín ti tán báyìí. Lójú gíláàsì, àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nínú kaba aláwọ̀ òféèfé kan náà àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, wọ́n ń wo ènìyàn bí ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n má ṣẹ́jú.

Ìbídùn ló gbé àwòrán náà síbẹ̀. Òun ni Olùtọ́jú àpótí ìrántí ìlú. Láti ọdún tí Àjọ Ìṣípò ti kéde pé omi yóò gba àfonífojì Ìdígbá, òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n tú abẹ́ ibùsùn, kí wọ́n wo ẹ̀yìn Bíbélì, kí wọ́n gbọn àpò àwọn òkú wọn wò. Bébà nìkan ni Àjọ ń gbà. Gbogbo àwòrán inú fóònù ló ti kú pẹ̀lú àwọn fóònù, ohun tí ẹnì kan rántí tẹ̀ jáde láyé ọjọ́un ló kù.

"Ẹ̀rọ yín ò ríran," ni Baálẹ̀ wí. "Ìbejì nìyẹn! Ṣé kò rí ìbejì rí ni? Wọn a máa jọra."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ń jẹ́ Akínrọ̀dólú. Ọmọlúàbí ni, láti àárọ̀ tó ti dé, kò sí àgbàlagbà tí kò dọ̀bálẹ̀ kí. "Bàbá, ó mọ ìbejì dáadáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìbejì méjì kì í ká eyín kan náà, kí ẹ̀fọn tún jẹ wọ́n lójú kan náà, kí ìbọ̀sẹ̀ wọn sì wọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà." Ó fi ìka tọ́ ọ. "Ẹ wò ó. Ọmọ kan ni wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀."

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó ti gbé àwòrán yìí lọ́wọ́ ní ìgbà tí kò níye. Òun ló fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ méjì sẹ́yìn rẹ̀: *Táyé àti Kẹ́hìndé.* Ó wo eyín, ó wo ojú ẹ̀fọn, ó wo ìbọ̀sẹ̀. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

"Mo máa mú un kúrò," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n mú un kúrò, ẹ jọ̀ọ́."

"Mà, ohun tó bá ti dójú gíláàsì kì í padà. Ẹ mọ òfin. Àpótí kan, ọ̀rọ̀ kan."

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ta ni kò rántí Òkè-Àpárá? Ará Òkè-Àpárá kan gbé adé lé bàbá bàbá rẹ̀ lórí nínú àwòrán. Adé kan péré. Lónìí, bí o bá fẹ́ kí ará Òkè-Àpárá kú ọdún, kí o máa wá wọn kiri inú àwọn ilé gogoro, ìdílé kan lápá àríwá, ìdílé kan létí aṣálẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ìlú wọn fún ẹ̀rọ kankan. Kí Ọlọ́run má ṣe wá ní ẹni à ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ìlú tí àpótí rẹ̀ bá di òótọ́, ibì kan náà ni wọn yóò kó gbogbo wọn lọ, lórí òkè, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹnu ibodè tuntun. Àwọn ọkọ̀ ti dúró níta. Omi náà ti dé ojúde ṣọ́ọ̀ṣì.

Omi yìí, ẹ̀rọ ni wọ́n ń dá a jọ fún. Àká Ìrántí, níbi tí wọ́n ń kó gbogbo àpótí sí, a máa gbóná bí ààrò, adágún ńlá ló sì lè tù ú lára. Baálẹ̀ a máa sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Ẹ̀rọ tó fẹ́ rántí ilé wa, inú ilé wa náà ló fẹ́ wẹ̀ sí." Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín sí i tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ni àwòrán yìí?" ni Akínrọ̀dólú béèrè.

"Èmi ni."

Arúgbó kan dìde láti ìdí ògiri. Gbogbo ìlú ń pè é ní Kẹ́hìndé Àgbà. Irú ló ń ṣe. Bó bá kọjá, òórùn irú a ti kọ́kọ́ kí ọ kí òun tó kí ọ. Ó rìn wá síwájú ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ tí ẹ̀gbà tí Àjọ fi sí oníkálukú lọ́wọ́ wà sókè kí ẹ̀rọ lè mọ̀ ọ́n. Iná àwọ̀ ewé tàn lára ẹ̀gbà náà.

"Ta ni ẹni apá ọ̀tún?" ni ẹ̀rọ béèrè. Ẹ̀rọ kì í lo "ẹ" fún àgbà.

"Èmi Kẹ́hìndé ni."

"Ta ni ẹni apá òsì?"

"Táyé ni."

"Níbo ni Táyé wà?"

"Ó lọ sí Èkó."

"Kó bá wa ra iyọ̀ bọ̀," ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wúyẹ́wúyẹ́, bí àmín.

Akínrọ̀dólú wojú wọn. "Èkó kẹ̀? Mà, kí wọ́n tó bí mi ni Èkó ti wà nísàlẹ̀ òkun."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni Kẹ́hìndé Àgbà wí. "Iyọ̀ ò ní wọ́n níbẹ̀ mọ́ nìyẹn."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní Ìdígbá, a kì í ní ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ sí Èkó, ẹni tó bá sì gbọ́ gbọ́dọ̀ fèsì, kí ọ̀nà má baà dí mọ́ arìnrìnàjò. Wọ́n ń wí i nígbà tí Èkó wà lórí ilẹ̀. Òkun gbé Èkó mì, wọn ò yí i padà.

Akínrọ̀dólú fa Ìbídùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Mà, òfin fi ihò kékeré kan sílẹ̀. Ojú kan, orúkọ kan. Bí ẹni tó ni àwòrán bá jẹ́wọ́ pé ojú kan ni, kó dárúkọ kan ṣoṣo. Kí Olùtọ́jú sì jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rọ á pa ìkejì rẹ́, àpótí á di òótọ́."

"Ṣé kò sí wàhálà míì?"

"Ẹni tí wọn ò dárúkọ ló máa parẹ́. Ìyẹn nìkan."

Ìbídùn mí kanlẹ̀. Ó fa Kẹ́hìndé Àgbà lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń rí omi tó ń dán láàárín àwọn igi igbá. "Ìyá Àgbà, Ọlọ́run ti ṣe é. Ẹ kàn dárúkọ ara yín, ó tán."

"Àyọ̀ká," ni arúgbó náà wí. Oríkì Ìbídùn nìyẹn, kò sí ẹni tó ń fi í pè é mọ́ àfi obìnrin yìí. "Wá jókòó."

"Ìyá, kò sí àyè ìjókòó."

"Jókòó tì mí."

Ìbídùn jókòó.

"Ìyá mi, ọmọ ìjọ ni. Nígbà tí Táyé lọ, wọ́n ní kó gbẹ́ ère fún un, ó ní òun ò ní gbé ère wọlé Jésù. Ṣùgbọ́n èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Mi ò jẹun. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa sunkún pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, pé ó wà níta. Ìyá mi wá mú mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Wọ́n dá mi dúró lápá ọ̀tún, wọ́n yà mí. Wọ́n ní, 'Ó yá, bọ́ sí apá ọ̀hún, kí o di Táyé.' Mo bọ́ sọ́hùn-ún, mo di Táyé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, Àyọ̀ká. Mo rò pé bí mo bá tètè yíjú, mo máa bá a níbi tí mo ti kúrò."

Ìbídùn sún mọ́ ọn.

"Àìsàn náà lọ. Ọjọ́ ìbí wa bá pé, wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á bu tirẹ̀ síwájú fọ́tò. Ìyá mi lọ, èmi ń bù ú. Èyí tí mo bù lọ́dún yìí, o jẹ ńbẹ̀."

"Mo jẹ ńbẹ̀."

"Kò ní ìwé ìbí. Sàréè rẹ̀, omi ti gbà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bébà yìí nìkan ni ilé tó ní. Ẹ wá ní kí n dúró níwájú irin, kí n ní, 'Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ o, èmi ni mo ń ṣeré.'"

Ó yé Ìbídùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ọwọ́ arúgbó náà mú. "Ẹ̀yin náà ò ní àwòrán míì, Ìyá Àgbà. Mo ti wá gbogbo ilé yín. Àwòrán yìí ni gbòǹgbò ẹ̀gbà yín, òun ni ẹ̀rọ fi mọ̀ yín. Bí ẹ bá dárúkọ Táyé…"

"Mo mọ̀."

"Ẹni tí kò ní gbòǹgbò kì í wọkọ̀."

"Ṣé èmi ni wàá kọ́? Mo ní mo mọ̀." Kò gbóhùn sókè. "Gbọ́. Kẹ́hìndé ní í rán Táyé níṣẹ́: lọ bá mi tọ́ ayé wò. Èmi ló rán an o. Ó lọ, ó fi ahọ́n kàn án, ó padà. Èmi tí mo ní kó bá mi tọ́ ọ wò ni mo wá jókòó, tí mo jẹ ẹ́ dé ìdí àwo. Ta ni ní Ìdígbá tí kò jẹ irú mi rí? Ta ni mi ò gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n? Èmi ní ẹnu gbogbo yín tí mo lè máa gbé. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ oúnjẹ àbúrò tán, ṣé kò yẹ kó dìde lórí àga fún un?"

"Mo máa sọ fún Baálẹ̀. Mo máa sọ fún gbogbo ìlú, wọn ò ní gbà."

"Má sọ fún wọn." Ọ̀rọ̀ yìí le lẹ́nu rẹ̀. "Bí o bá sọ ọ́, àwọn kan á ní rárá, àwọn kan á dákẹ́. Àwọn tó bá dákẹ́, wọn ò ní lè wojú ara wọn mọ́ ní òkè tí ẹ ń lọ. Ìlú wo ni ẹ wá kó débẹ̀?"

Nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ náà wí pé, "Mo ń dúró."

Wọ́n wọlé. Ìbídùn ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀, àdúrà tí kò ní orí, tí kò ní ìdí: Ọlọ́run, ìwọ tí o dá ojú, tí o sì dá orúkọ, má jẹ́ kí n rí ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní "rárá," ọ̀rọ̀ arúgbó náà kò ní dúró. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ẹni méjì sọ̀rọ̀. Bó bá ní "rárá," Kẹ́hìndé Àgbà yóò wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wo? Èyí tó ń lọ sí aṣálẹ̀, òun nìkan, láàárín àwọn tí kò mọ òórùn irú.

"Dárúkọ kan," ni ẹ̀rọ wí.

Kẹ́hìndé Àgbà gbé orí sókè. "Táyé."

Kùn-kùn-kùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Baálẹ̀ dìde láàbọ̀.

"Ta ni ìkejì?"

"Òjìji ni. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

"Olùtọ́jú. Ṣé o jẹ́rìí?"

Ìbídùn wo ojú ọmọ tó wà lápá ọ̀tún. Ọmọ tó wà láàyè ni, ọmọ tó fẹ́ yíjú kíákíá. Òun kan náà ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí, tí èékánná rẹ̀ dúdú fún irú. Láti àárọ̀ ni òtítọ́ ti jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí, kò sí ẹni tó dá a mọ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó wo ẹ̀yìn: ojú Baálẹ̀, ojú àwọn aboyún, ojú àwọn tó ti di ẹrù wọn sínú àpò ìrẹsì.

Kẹ́hìndé Àgbà kò wò ó. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọ, "Àyọ̀ká. Àyọ̀ká, ọmọ a-sọ̀rọ̀-má-yẹ̀."

"Mo jẹ́rìí," ni Ìbídùn wí.

"Òótọ́."

Apá ọ̀tún àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Orí kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà kaba òféèfé náà. Ìbọ̀sẹ̀ tó wọ́ sílẹ̀ ló lọ gbẹ̀yìn. Bébà náà wọ inú ẹ̀rọ lọ, ó di lúbúlúbú bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ayọ̀ bú sílẹ̀. Wọ́n ń pariwo, "Òótọ́! Ó ní òótọ́!" Àwọn obìnrin ń dì mọ́ra, ẹnì kan ti bẹ́ sí orin. Nínú ariwo yẹn ni nǹkan kékeré kan já bọ́ sórí símẹ́ńtì, tí ó dún ṣaworo.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Kẹ́hìndé Àgbà ni. Ó ti ṣí fúnra rẹ̀. Kò sí iná lára rẹ̀ mọ́.

Orin náà kú láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Ìbídùn," ni Baálẹ̀ Ọdẹ́yalé wí, ohùn rẹ̀ ò jọ tirẹ̀. "Kí lo ṣe yìí?"

"Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe," ni Kẹ́hìndé Àgbà wí. "Ẹ má fi igbe dá a lágara, Baálẹ̀. Ìgbà tí agbádá kì í ṣe ti bàbá yín, ta ló bá yín jà?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ kọjú sí Akínrọ̀dólú. "Yọ tèmi náà. Mi ò lọ." Ó di ẹ̀gbà tirẹ̀ mú, ó ń fà á, ó ń fà á, títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbà tó ní gbòǹgbò kì í bọ́. Akínrọ̀dólú kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń sunkún, kò sì nu ojú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wọkọ̀. Kẹ́hìndé Àgbà ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó òun sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá láti wọkọ̀, ó ń kì í. Ó kì Baálẹ̀ dé orí ẹni tó tẹ ìlú dó. Ó kì àwọn ọmọ ọlọ́dẹ, ó kì àwọn ọmọ aláró. Nígbà tó kan ìlú fúnra rẹ̀, ó gbé ohùn sókè:

*Ìdígbá, ọmọ afirú-kí-àlejò,*
*ilé tí à ń gbóòórùn kí á tó rí i;*
*bí ọ̀nà bá ṣókùnkùn, imú ni mo fi mọ̀ ọ́n,*
*bí omi bá bo òrùlé, imú ni n ó fi mọ̀ ọ́n.*

Ìbídùn dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ gbéra. Gbogbo ọdún tó fi ń gba bébà jọ, kò sí ẹni tó ní kó gba èyí. Ẹ̀rọ ò ní ojú gíláàsì tí wọ́n lè gbé e lé.

Arúgbó náà fi irú tí ó fi ewé pọ́n sí ọwọ́ rẹ̀ kan, ó fi ẹ̀gbà òfìfo náà sí ìkejì. "Bí ọjọ́ ìbí wa bá pé," ló wí, "ẹ se ẹ̀wà. Ẹ bu ti Táyé."

"Tiyín ń kọ́?"

"Lọ wọkọ̀, Àyọ̀ká. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ."

Ìbídùn wọkọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, tí ń ka ẹ̀gbà bí wọ́n ti ń kọjá. Ó ka tirẹ̀. Ó wá tan iná pupa sí èyí tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbà kan ṣófo," ló wí. "Níbo ni ẹni tó ni í wà?"

Omi ti gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ti ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó kọjú sí ọ̀nà Èkó. Òórùn irú ti gba inú ọkọ̀.

"Ó lọ sí Èkó," ni Ìbídùn wí.

Ẹ̀rọ náà ń wá ibi tí Èkó wà. Kó tó rí i, gbogbo ọkọ̀ ti dáhùn, títí kan Akínrọ̀dólú tó dúró ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì tutù:

"Kó bá wa ra iyọ̀ bọ̀."